Iyọ̀ sọ jẹ́ẹ̀lì irun mi di omi: kí ló ṣẹlẹ̀?

ÌBÉÈRÈ, LÁTI KÀBÀ

Okun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọṣẹ pípò. Níbi tí mo ti kọ́ ọṣẹ olómi, wọ́n sọ fún wa pé tí Texapon, èròjà tó ń mú ọṣẹ hó, bá ṣàn jù, ká bu iyọ̀ sí i, yóò ki. Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì ń ki. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jẹ́ẹ̀lì irun fáwọn onídìrí, Carbopol, lẹ́búlẹ́bú tó ń mú omi di jẹ́ẹ̀lì, àti TEA (triethanolamine) tí wọ́n ń kán sí i kó lè ki, ni mo lò. Ó dúró dáadáa, àmọ́ mo fẹ́ kó ki sí i. Mo po iyọ̀ mọ́ omi díẹ̀, mo dà á sínú ike. Kí n tó rò ó tán, gbogbo rẹ̀ ti di omi. Àǹtí mi ní ayédèrú Carbopol ni wọ́n tà fún mi. Ẹni tó tà á ní iyọ̀ mi ni kò dáa. Ta ni ká gbà gbọ́? Ṣé iyọ̀ ń mú nǹkan ki ni, àbí ó ń mú un ṣàn?

* * *

ÌDÁHÙN

Carbopol yín kì í ṣe ayédèrú, iyọ̀ yín náà ò sì ní àléébù. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an ni ojúlówó Carbopol máa ń ṣe tí iyọ̀ bá kàn án.

Ohun tó wà nínú ike méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Carbopol jẹ́ pólímà, ìyẹn ẹ̀wọ̀n gígùn tí ègé kéékèèké tó jọra so pọ̀ di odindi. Ásíìdì kékeré kan wà lára ègé kọ̀ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sómi, ẹ̀wọ̀n náà ṣì ká jọ, omi náà ṣì ń ṣàn. Tẹ́ ẹ bá wá kán TEA sí i, TEA á gba háídírójìn lọ́wọ́ àwọn ásíìdì yẹn, ibi tí háídírójìn ti kúrò á sì ṣẹ́ kù pẹ̀lú iná olámì àyọkúrò (−). Iná kan náà ló wá kún ẹ̀wọ̀n náà láti orí dé ìdí. Iná tó bá jọra máa ń lé ara wọn sẹ́yìn. Ẹ̀wọ̀n náà á nà, á gbòòrò, á fa omi mọ́ra, títí tí kò fi sí àyè láàárín òun àti èkejì rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí gíráàmù 5 péré fi lè mú odindi lítà omi kan dúró láìṣàn.

Iyọ̀ wá wọlé. Nínú omi, iyọ̀ túká sí íọ́ọ̀nù méjì, ìyẹn ègé kéékèèké tó gbé iná: sódíọ̀mù tó gbé iná àròpọ̀ (+), àti klóráìdì tó gbé iná àyọkúrò. Sódíọ̀mù á rọ́ lọ yí ẹ̀wọ̀n náà ká. Àwọn ibi tó ń lé ara wọn tẹ́lẹ̀ ò ní mọ ara wọn lára mọ́. Ẹ rò ó bí ìjà àwọn aládùúgbò tó ń pariwo mọ́ra wọn láti ojúlé dé ojúlé lọ́jọ́ ọjà: bí èrò bá ti kún àárín wọn, ẹnì kan ò gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ mọ́. Ẹ̀wọ̀n á ká padà, á sì tú omi tó dì mú sílẹ̀.

Texapon ńkọ́? Kì í ṣe pólímà rárá. Ẹyọ kéékèèké ni, tó ní orí tó gbé iná àyọkúrò àti ìrù tó ń sá fómi. Àwọn ìrù á kó ara wọn pamọ́ sáàárín, àwọn orí á dojú kọ omi, wọ́n á di òkìtì róbótó-róbótó. Àwọn orí wọ̀nyí náà ń lé ara wọn, ìyẹn ni kò jẹ́ kí òkìtì náà tóbi. Tí iyọ̀ bá dé, orí á lè sún mọ́ orí, òkìtì róbótó á nà di okùn gígùn, okùn á lọ́ mọ́ okùn, ọṣẹ á sì ki.

Nítorí náà iṣẹ́ kan ṣoṣo ni iyọ̀ ṣe níbi méjèèjì. Ó bomi paná ìjà àwọn tó gbé iná kan náà. Níbi tó jẹ́ pé ìjà yẹn ló gbé nǹkan dúró, nǹkan á wó. Níbi tó jẹ́ pé ìjà yẹn ni kì í jẹ́ kí nǹkan kóra jọ, nǹkan á ki. Ẹ má béèrè ohun tí iyọ̀ ń ṣe kẹ́ ẹ tó béèrè ohun tó mú nǹkan inú ike yín dúró.

* * *

Mo ti ka ohun táwọn èèyàn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí. Èrò mẹ́rin ló ń yí po níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ti ayédèrú. Mo mọ̀ pé ayédèrú wà lọ́jà, àmọ́ ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì náà ti dúró kí iyọ̀ tó dé. Lẹ́búlẹ́bú tí kò dáa ì bá má dúró láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní áyódìn inú iyọ̀ ló fà á. Mílígírámù ni wọ́n fi ń wọn áyódìn tí wọ́n ń fi sínú odindi kílò iyọ̀ kan. Kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ sódíọ̀mù tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń ṣiyè méjì, kó wá iyọ̀ òkúta tí kò ní áyódìn, kó fi dán an wò. Yóò rí i pé bákan náà ni. Àwọn tó sọ pé ọwọ́ ẹni tó pò ó ni kò tutù, mi ò ní bá wọn jiyàn.

Ẹ̀kẹrin ni pé omi bọhóòlù ló fà á, ìyẹn sì yẹ ká jókòó tì. Màá padà wá sórí rẹ̀.

* * *

Arákùnrin kan ní Ìsánlú ta kò mí gan-an. Ó ní ṣíbí iyọ̀ kan nínú lítà omi kò lè lágbára tó bẹ́ẹ̀, pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n da iyọ̀ púpọ̀ sí i ni.

Ẹ̀gbọ́n, ó lágbára tó bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1923 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Peter Debye àti Erich Hückel, ti fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Iná tó wà nínú omi iyọ̀ kì í nípa dé ibi tó jìnnà. Ó ní ibi tí agbára rẹ̀ ń dé kó tó rẹ̀ ẹ́. Tí iyọ̀ inú lítà omi kan bá jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 0.06, ìyẹn díẹ̀ tí ẹ lè fi ìka méjì mú, ibi tí agbára yẹn ń dé jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 10 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà). Ẹ sọ iyọ̀ náà di gíráàmù 6, bíi ṣíbí tíì kan tí kò kún jù, ibẹ̀ á sún sẹ́yìn sí nánómítà 1. Ìyẹn ni pé tí iyọ̀ bá di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ibi tí iná ń dé á di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Lára ẹ̀wọ̀n Carbopol, ibi tó gbé iná kan sí èkejì kò ju ìdá mẹ́rin nánómítà kan lọ, nítorí náà àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gan-an ṣì ń mọ ara wọn lára. Àmọ́ apá kan ẹ̀wọ̀n náà kò mọ̀ pé apá kejì wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ìlé-ara-ẹni ti ọ̀nà jíjìn yẹn ló ń nà án tẹ́lẹ̀. Ṣíbí tíì kan tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó tún bá mi jà. Ẹ bu jẹ́ẹ̀lì láti inú ike kan náà sínú ife méjì. Ẹ fọ́n ẹyọ iyọ̀ díẹ̀ sórí ọ̀kan, ẹ má rò ó. Ẹ ó rí i tí ibi tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí yóò máa wọlẹ̀, omi á sì máa ṣun níbẹ̀.

* * *

Ní ti omi bọhóòlù.

Àwọn tó sọ pé omi lè ba Carbopol jẹ́ kò purọ́, àmọ́ wọn ò sọ ìdí rẹ̀. Ní apá Obajana àti Jakura ní Kogi, tí òkúta ẹfun àti màbù pọ̀ sí, omi tó bá gba inú òkúta bẹ́ẹ̀ kọjá máa ń gbé kálísíọ̀mù wá. Ẹni tó bá ti fi irú omi yẹn fọṣọ á mọ̀ ọ́n: ọṣẹ kò ní hó, nǹkan funfun á máa léfòó lójú omi. Kálísíọ̀mù kì í ṣe ẹgbẹ́ sódíọ̀mù. Iná àròpọ̀ méjì ni ẹyọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé, ó lè di ẹ̀wọ̀n méjì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Sódíọ̀mù á mú ẹ̀wọ̀n ká jọ, kálísíọ̀mù á so wọ́n pọ̀, ó sì lè mú kí wọ́n dì, kí wọ́n jáde kúrò nínú omi ní wóró-wóró funfun. Tí jẹ́ẹ̀lì yín bá ṣú, tí kò mọ́ gaara, kálísíọ̀mù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Iye iná tí íọ́ọ̀nù gbé ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n lọ. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Schulze, kíyè sí èyí ní 1882, ẹlòmíràn, Hardy, sì tún un sọ ní 1900, lórí àwọn ègé kéékèèké tó ń léfòó nínú omi: èyí tó gbé iná mẹ́ta lè lágbára ju èyí tó gbé ẹyọ kan lọ ní ìlọ́po tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ti pọnmi odò Oyi nígbà òjò, tí omi pọ́n kankan, mọ̀ ọ́n láìka ìwé. Álọ́ọ̀mù díẹ̀ ni wọ́n ń rò sínú ìkòkò kí ẹrẹ̀ tó fìdí mọ́lẹ̀. Alumíníọ̀mù inú álọ́ọ̀mù gbé iná mẹ́ta, ẹrẹ̀ sì gbé iná àyọkúrò. Ẹ da iyọ̀ ọbẹ̀ sí irú omi bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò gbà tó iyọ̀ tẹ́nì kankan ò lè mu kó tó mọ́.

Èmi, omi òjò ni mo máa ń gbè fún jẹ́ẹ̀lì. Omi tí orí páànù bá ti fọ̀ mọ́, tí òjò kejì tàbí ẹ̀kẹta sì rọ̀, ni mo ń gbè, mo sì ń sẹ́ ẹ. Lẹ́ẹ̀rùn, omi tí kò ní kálísíọ̀mù púpọ̀ ṣòro rí, mo máa ń fi EDTA, lẹ́búlẹ́bú kan, díẹ̀ sí i kí Carbopol tó wọlé. EDTA ló ń mú kálísíọ̀mù dè. Ẹ má fi púpọ̀, torí EDTA tí wọ́n ń tà fúnra rẹ̀, iyọ̀ sódíọ̀mù ni.

* * *

Ẹnì kan ní kí ẹni tó béèrè máa kán TEA sí i títí yóò fi ki padà. Rárá, ẹ jọ̀wọ́. Owó ni yóò ṣòfò.

Nígbà tí gbogbo ásíìdì tó wà lára ẹ̀wọ̀n bá ti fi háídírójìn sílẹ̀ tán, TEA tó bá ṣẹ́ kù kò ní ibi iná tuntun tó máa ṣí mọ́. Ohun tó wà nílẹ̀ kọjá ìyẹn pàápàá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Gerald Manning, fi hàn ní 1969 pé tí iná bá sún mọ́ra jù lára ẹ̀wọ̀n, ẹ̀wọ̀n náà á fúnra rẹ̀ fa àwọn íọ́ọ̀nù olámì òdìkejì mọ́ra, títí iná tó ṣẹ́ kù á fi wà ní nǹkan bíi nánómítà 0.7 síra wọn. Lára ẹ̀wọ̀n tí iná kún tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná rẹ̀ ló ti pa mọ́lẹ̀ kí iyọ̀ kankan tó dé. TEA tẹ́ ẹ wá ń kán sí i á kàn di íọ́ọ̀nù àfikún. Ẹni tó bá ti kán TEA kọjá ààlà rí á ti rí jẹ́ẹ̀lì tó tún ń dẹ̀ padà.

Bákan náà, ẹ kíyè sí àwọn iyọ̀ tí kò jọ iyọ̀. Sódíọ̀mù bẹ́ńsóéètì tẹ́ ẹ fi ń dáàbò bò ó kó má bàa bàjẹ́, iyọ̀ ni. Àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú míì, iyọ̀ ni. Òógùn tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń fi jẹ́ẹ̀lì pa irun pàápàá ní iyọ̀ nínú, ìdí nìyẹn tí jẹ́ẹ̀lì Carbopol fi máa ń yọ́ lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Àwọn onídìrí ń yìn ín pé ó fẹ́lẹ́, pé ó tètè wọ irun.

* * *

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù lọ wá láti Mọ̀pà. Arábìnrin kan ní: "Tí iyọ̀ bá ń pa ẹ̀wọ̀n, kí ló dé tí káún fi ń mú ilá fà? Ṣé káún kì í ṣe iyọ̀ ni?"

Iyọ̀ ni. Ìbéèrè yìí lè dá ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí lórí dúró. Ohun tó ń fà nínú ilá náà jẹ́ ẹ̀wọ̀n tó gbé ásíìdì lára, a ò kàn ra ti ilá lọ́jà kẹ́míkà ni. Kábónéètì sódíọ̀mù àti báíkábónéètì sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún. Sódíọ̀mù rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tí mo ti ń sọ bọ̀, ó ń mú ẹ̀wọ̀n ká. Àmọ́ káún ní iṣẹ́ méjì míì tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò ní. Ó ń gba háídírójìn lọ́wọ́ ásíìdì bí TEA ti ń ṣe, iná lára ẹ̀wọ̀n á sì pọ̀ sí i. Kábónéètì rẹ̀ tún ń mú kálísíọ̀mù dè, bẹ́ẹ̀ kálísíọ̀mù ló so apá kan àwọn ẹ̀wọ̀n yìí mọ́ ara ilá. Bí ìdè yẹn ti ń tú ni ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ sí i ń jáde wá sínú ọbẹ̀. Níwọ̀n bí káún tí à ń bù kò ti pọ̀, ohun tó ń fi kún un ju ohun tó ń yọ lọ.

Mi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ní kí káún wà nínú ilá kó máa hó títí. Nínú omi káún tó gbóná, àwọn ẹ̀wọ̀n yìí ń já. Ẹ̀wọ̀n tó ti já sí kéékèèké kò ní fà mọ́, ẹ ì báà da àpò káún kan sí i. Ẹ jẹ́ kó hó díẹ̀, kẹ́ ẹ sọ̀ ọ́. Tòmátò, ní tirẹ̀, ń ṣe òdìkejì káún: ásíìdì rẹ̀ ń dá háídírójìn padà sára ẹ̀wọ̀n, ilá tí tòmátò bá pọ̀ nínú rẹ̀ kì í fà dáadáa. Ní ti iyọ̀ ọbẹ̀, ìyá mi kì í fi sílá àfi tó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní ilá tí kò tíì yó iná kì í fẹ́ iyọ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ gún ilá tútù, ẹ sẹ́ omi rẹ̀ sínú ife méjì, ẹ bu iyọ̀ sí ọ̀kan, ẹ fi ṣíbí gbé méjèèjì sókè. Ẹ ó rí èyí tó kọ́kọ́ já.

* * *

Ní kúkúrú fún ìyá ọlọ́mọ tó béèrè bóyá irú nǹkan yìí ló wà nínú ìtẹ́dìí ọmọ: bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ Carbopol ló wà nínú rẹ̀, sódíọ̀mù pólíákríléètì. Ó lè mu omi tí kò ní iyọ̀ kankan tó ìlọ́po ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwọ̀n ara rẹ̀. Nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ tó ti ara èèyàn, gíráàmù 9 nínú lítà kan, kì í sábà kọjá ìlọ́po 50. Ìtọ̀ ní iyọ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń fi omi ẹ̀rọ dán ìtẹ́dìí wò lójú yín lọ́jà kò tíì fi ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lóru hàn yín.

Èyí kan àwọn àgbẹ̀ náà. Àwọn kan ti ń bu irú jẹ́ẹ̀lì yìí sí ìdí ọ̀gbìn kajú kí omi lè pẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn. Tẹ́ ẹ bá wá da ajílẹ̀ NPK lé e lórí, iyọ̀ ni ẹ dà lé e, jẹ́ẹ̀lì náà á sún kì, á sì tu omi. Ẹ fi àyè sáàárín ajílẹ̀ àti ibi tí jẹ́ẹ̀lì wà.

* * *

Wọ́n ti wá ń sọ ọ́ kiri báyìí pé mo ní iyọ̀ ń ba gbogbo pólímà jẹ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

Pólímà tí kò gbé iná kò ní ohun tí iyọ̀ ṣíbí kan máa bá a fà. HEC (hydroxyethyl cellulose) jẹ́ ọ̀kan. Natrosol ni orúkọ tí wọ́n fi ń tà á, òun la sọ di Nitrosol. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lọ́jà wa, wọ́n lè pe lẹ́búlẹ́bú èyíkéyìí tó ń mú ọṣẹ ki ní Nitrosol, títí kan CMC (carboxymethyl cellulose). CMC gbé iná àyọkúrò, iyọ̀ sì ń mú un dẹ̀. Ẹni méjì lè ra "Nitrosol" níṣọ̀ méjì, kí ti ọ̀kan dúró nínú ọṣẹ tó kún fún iyọ̀, kí ti èkejì ṣàn, kí wọ́n wá máa fẹ̀sùn kan ara wọn. Ẹ dán an wò nínú ife kẹ́ ẹ tó rà á ní kílò. Xanthan, lẹ́búlẹ́bú míì tó ń mú nǹkan ki, ní tirẹ̀ gbé iná, síbẹ̀ iyọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á láàmú, torí pé ẹ̀wọ̀n rẹ̀ le, ó sì lọ́ pọ̀. Iyọ̀ díẹ̀ tilẹ̀ ń jẹ́ kí ìlọ́pọ̀ yẹn dúró sán-ún.

Texapon pàápàá ní ààlà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pò ó pẹ́ mọ̀ pé tí iyọ̀ bá kọjá ibì kan, ọṣẹ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, ẹ ò sì ní lè yọ iyọ̀ kúrò mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa bù ú, kẹ́ ẹ dúró kó wọlé tán kẹ́ ẹ tó tún bu òmíràn.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: kí lòun máa fi ike tó ti di omi ṣe? Ṣé kóun dà á nù?

Ẹ má tíì dà á nù. Ẹ má da Carbopol míì sí i, torí iyọ̀ inú rẹ̀ á tún pa ìyẹn náà. Ẹ wá HEC tó dájú. Ẹ bu lítà kan nínú omi náà sọ́tọ̀, ẹ máa fọ́n HEC sí i díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rò ó, tó nǹkan bíi gíráàmù 10, kó má di kókó. Ẹ bò ó, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ní dí HEC lọ́wọ́. Kò ní mọ́ gaara bíi ti Carbopol, yóò sì fà díẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi han onídìrí kan kó lò ó kẹ́ ẹ tó po ìyókù. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ tà á bí ó ti rí, àmọ́ ẹ má pè é ní jẹ́ẹ̀lì ti tẹ́lẹ̀. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ kọ ohun tí ẹ rí síbí, ká jọ wò ó.